Ìṣẹ́jú Méjìlélógún Tí Mo Fi Pa Wọ́n Lẹ́rìn-ín Lórí Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ohun tí mo bẹ̀ yín yìí ò rọrùn, torí èmi náà ni Lukman Àkàndé, tí gbogbo Ọ̀fà títí dé Ìjàgbó àti Òjòkú ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká ni mo ti kọ́ yín pé bí mo bá sín, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ṣubú, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dákẹ́, kí ẹ tètè rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ yín lára jù. Ní Sátidé tó kọjá, mo dúró níwájú yín ní pápá ìjàkadì, mo di makirofóònù mú, mo jẹ́wọ́ ohun tó burú jù lọ tí mo ṣe láyé mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí ìyá kan fi já bọ́ lórí àga. Ìdí rèé tí mo fi gbé bírò. Bébà ò ní ojú tó ń ṣẹ́, kò sì ní ikùn tó ń mì. Ó yá, òtítọ́ náà gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ ku ẹyọ kan sẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀fà ẹgbẹ́ wa kan, Roseline, ọmọ tíṣà ìjọ Áńgílíkà, ló mú mi dé orí òkun. Òun ló ń jókòó sídìí rédíò ní báàsì hẹlikópítà ní Port Harcourt, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sórí omi tí wọ́n sì ń kó wọn bọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré wa ti túká nígbà náà, mo kàn jókòó sílé, mo ń pa ìyàwó mi nìkan lẹ́rìn-ín, òun náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Roseline ní, "Bọ̀ọ̀dá Lukman, ohùn tí ẹ fi ń kígbe lórí ìtàgé yẹn, ẹ máa bọ̀ wá fi ka ìgbì omi." Mo ní ta ló ń ka ìgbì? Ó ní wọ́n ń kà á! Bí mo ṣe di akàgbì nìyẹn. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan lókè pèpéle irin tí wọ́n ti ń fa epo láàárín òkun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ nǹkan mẹ́ta fún báàsì láràárọ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, bí ìgbì ṣe ga tó, àti bóyá ọkọ̀ adóòlà wà ní sẹpẹ́. Ọkọ̀ adóòlà yìí jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń yí wa ká tọ̀sán tòru. Ó ní kiréènì kan lára tó fi ń sọ ọkọ̀ kékeré sómi láti kó ẹni tó bá já sínú òkun. Kápténì Olúṣèyí, ọmọ Ìlàjẹ kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá, ló ń wà á. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Òfin kọ́ńpìnnì wa ni pé bí ìgbì bá ti ga ju mítà méjì ààbọ̀ lọ, tàbí bí ọkọ̀ adóòlà ò bá lè ṣiṣẹ́, hẹlikópítà ò gbọdọ̀ gbé èrò kankan. Ẹ ó ní kí ló kan ohun tó ń fò lókè pẹ̀lú ìgbì tó wà nísàlẹ̀. Èmi náà béèrè. Kápténì Tóyọ̀sí ló dá mi lóhùn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó rò pé ó ń ta bùrẹ́dì, ṣùgbọ́n òun ló ń wa hẹlikópítà náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, òfin ìgbì kì í ṣe fún ìgbà tí mo bá ń fò o. Fún ìgbà tí mi ò bá lè fò mọ́ ni." Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, òun lè bà sójú omi, àwọn báàgì ńlá kan á sì fẹ́ lábẹ́ hẹlikópítà, á léfòó bí igbá. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ga jù, á dojú igbá dé ni. Ìgbì tó bá sì ga tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kékeré ò ní lè bọ́ sómi wá kó wọn. Ó ní, "Bí mo bá béèrè ìgbì lọ́wọ́ yín, ohun tí mò ń béèrè ni pé, bí mo bá ṣubú, ṣé ẹnì kan lè wá fà mí jáde? Ẹ má purọ́ fún mi nípa ìyẹn láé." Mo ní, "Kápténì, kò sí wàhálà." Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì ti bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta, nítorí náà ojú lásán ni mo fi ń kà á. Wọ́n kun ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ pèpéle náà ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú àti dúdú, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Mo máa yọjú lójú fèrèsé, mo máa wo ibi tí omi sọ̀ kalẹ̀ dé àti ibi tó gòkè dé, mo máa ka ìlà tó wà láàárín wọn. Ọmọ jéléósinmi lè ṣe é. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣì í kà, àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣì í kà.

Ẹni tó mú kí n fẹ́ ṣì í kà ni Gbádé. Ẹ mọ Gbádé, ọmọ Ìjàgbó. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ pé, ó sì nípọn bí òpó. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni lórí pèpéle wa, Roseline yìí kan náà ló wá iṣẹ́ fún un. Ìdíje ìjàkadì àdúgbò sí àdúgbò máa wáyé ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé, Gbádé ló máa bá ọkùnrin Òjòkú kan jà, ọkùnrin náà sì ti dá wa lẹ́yìn bolẹ̀ lọ́dún méjì léraléra. Èmi ni màá di makirofóònù mú. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni hẹlikópítà máa wá gbé wa. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, fóònù ò gbé ẹnu sílẹ̀. "Ẹ ti ń bọ̀? Gbádé ń jẹun dáadáa? Ẹ má jẹ́ kí ó gbé irin tó wúwo o!" Gbádé a máa wá sí yàrá rédíò lọ́sàn-án, á gbá mi lápá mú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣe gbé e báyìí ńkọ́?" Kí n tó dáhùn, mo ti wà nílẹ̀. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni bó ṣe máa ń na ọwọ́ sí mi lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí pápá mọ̀ ọ́n: lọ́dọ̀ wa, ẹni tó dáni ló ń fa ẹni tó dá dìde, á gbọn yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ nù. Tí kò bá tíì fà á dìde, ìjà ò tíì parí.

Àárọ̀ Jímọ̀ dé. Oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ní aago mẹ́fà, mo ka ìlà: méjì. Òtítọ́ ni, mo fi Ọlọ́run búra. Mo sọ ọ́ fún Roseline lórí rédíò bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, mo ní, "Omi mítà méjì, ọkọ̀ adóòlà jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, ẹ rán hẹlikópítà wá kó àna!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Lukman, ẹ ó pa mí níbi iṣẹ́." Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, Olúṣèyí pè mí láti inú ọkọ̀ rẹ̀, torí rédíò tirẹ̀ kì í dé báàsì. "Ẹ̀gbọ́n, kiréènì mi ti kọṣẹ́. Mi ò lè sọ ọkọ̀ kékeré sómi. Ẹ sọ fún báàsì pé mi ò ní ìdáàbòbò kankan fún wọn lónìí." Mo wo ojú ọ̀run: kò sí ìkúùkùu kan ṣoṣo. Àwa ará òkè, ojú ọ̀run la fi ń mọ ìjì. Bí òkè bá ti mọ́, ó ti parí lójú wa. Mo ní, "Kápténì, ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ máa tún un ṣe, màá sọ fún wọn." Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn nísinsìnyí." Mo ní kò sí wàhálà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òkun ò mọ̀ pé ojú ọ̀run mọ́. Ìjì kan ti jà níbìkan tó jìnnà réré sí wa lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ìgbì rẹ̀ ló rìn wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láìsí afẹ́fẹ́, láìsí òjò, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di aago méje ààbọ̀, tí hẹlikópítà ti bà sórí pèpéle wa, mo yọjú lójú fèrèsé, mo kà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ààbọ̀. Mo fọwọ́ nu ojú. Mo tún un kà. Mẹ́ta ààbọ̀. Ìgbà náà ni Kápténì Tóyọ̀sí pè mí lórí rédíò kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí báàsì kì í gbọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ìgbì ńkọ́?" Mo ní, "Méjì." Ó ní, "Méjì? Mò ń rí funfun lórí omi. Ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un, ẹ̀yin èèyàn. Mo ní, "Kápténì, òkè lẹ ti ń wò ó, oòrùn wà lójú yín. Èmi tí mò ń ka ìlà ni kí ẹ gbọ́ tèmi. Méjì géérégé." Ó ní, "Ó dáa, sà. Ọkọ̀ adóòlà?" Mo ní, "Mo ń rí i láti ibi tí mo wà." Irọ́ kọ́ nìyẹn! Mo ń rí i lóòótọ́! Irú òtítọ́ yìí ló yẹ kí wọ́n máa fi ẹgba nà.

Mo gbé báàgì mi, mo sá lọ sórí àtẹ̀gùn, ayọ̀ kún mi. Wọ́n ń wọn èèyàn kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, torí hẹlikópítà ò gbọdọ̀ wúwo jù. Gbádé gorí ìwọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀. Èmi gorí ìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n sáré! Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́fà, láìka ẹja gbígbẹ tí mo rà fún ìyá ìyàwó mi. Ọ̀gá orí pèpéle ní, "Kò-Sí-Wàhálà, wàhálà wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró de ti ọ̀sán." Mo bẹ̀ ẹ́. Gbádé bẹ̀ ẹ́. Gbádé tilẹ̀ fẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwọ̀n lè fẹ́rẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ̀. Bí èmi tí mo pa irọ́ ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, tí irọ́ mi sì gbé èèyàn mẹ́fà lọ. Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí yìí díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ní èrè kankan nínú irọ́ náà mọ́. Ẹ́ńjìnnì ti ń ké, ilẹ̀kùn ò tíì tì. Ẹyọ gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: "Kápténì, mo ṣì í kà." Ẹnu mi, ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi yìí, kò là. Mo ro ọkùnrin Òjòkú. Mo ro pápá tó kún. Mo juwọ́ sí Gbádé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni gbé èèyàn ṣán mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé yàrá rédíò ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n gbéra. Ohùn Tóyọ̀sí dé, kò ga, kò gbọ̀n: ẹ́ńjìnnì ti ń kú, òun ń bà sójú omi. Obìnrin yẹn gbé e kalẹ̀ lórí òkun bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Àwọn báàgì fẹ́. Ó léfòó. Mo fi awò tó ń fa ohun jíjìn sún mọ́ni wò ó láti ojú fèrèsé, mo pariwo, "Ó léfòó!" Ìgbì kejì dé, ó gbé e. Ìgbì kẹta dojú rẹ̀ dé. Ìgbì mítà mẹ́ta ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì ni, ì bá ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Gbogbo wọn ló jáde, ẹ bá mi dúpẹ́, wọ́n gun ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Gbádé kí ó tó yọ, ó sì fọ́ ọ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Roseline wọlé sórí rédíò. "Bọ̀ọ̀dá Lukman! Hẹlikópítà agbẹ̀mílà tó ní okùn wà lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì kejì. Ṣé kí n pè é, àbí ọkọ̀ adóòlà yín ti ń ṣiṣẹ́?" Olúṣèyí wọlé láti apá kejì. "Ẹ̀gbọ́n, kiréènì ò gbéra! Ṣé ẹ ti sọ fún wọn bí mo ṣe ní kí ẹ sọ?" Èmi nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀kan ò gbọ́ èkejì. Bí mo bá ní kí Roseline pè é, á béèrè kí ló ṣe ọkọ̀ adóòlà, á béèrè ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo ní, "Roseline, má pè é. Olúṣèyí ti ń sọ ọkọ̀ kékeré sómi." Mo yíjú sí Olúṣèyí, mo ní, "Mo ti sọ fún wọn. Ẹ ṣáà fi ọwọ́ yí kiréènì yẹn!" Àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí irin tó ti dípẹtà.

Kí ni mo wá ṣe nígbà tí wọ́n ń yí i? Mo ṣe iṣẹ́ mi. Rédíò kékeré ṣì wà lọ́wọ́ Tóyọ̀sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Gbádé! Ọkùnrin Òjòkú ti gbọ́ pé ò ń wẹ̀ kí o tó wá, ó ní ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ni?" Mo gbọ́ ẹ̀rín láàárín ariwo omi. "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ̀n! Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi lẹ ò bá jókòó lé!" Gbádé ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrora, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí o, ẹsẹ̀ mi!" Tóyọ̀sí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ ti dé ibo?" Mo ní, "Ó ń bọ̀, kò sí wàhálà." Mo wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dá àpárá mìíràn. Mẹ́wàá. Mo ṣe ohùn ìyá ìyàwó mi. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tóyọ̀sí tún béèrè. "Ó ń bọ̀." Mi ò tíì ṣeré tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Mo gbọ́n! Mo yá! Gbogbo àpárá ló bọ́ sójú rẹ̀! Ojú mi ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, mo sì ń gbádùn ara mi, Ọlọ́run má bínú, mo ń gbádùn ara mi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn ń dà sínú rọ́bà. Mo wá dá ọ̀kan, mo dúró de ẹ̀rín Gbádé. N kò gbọ́ ọ. Mo tún un dá. Tóyọ̀sí ní, "Kò dáhùn mọ́." Aago ògiri ti lo ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìgbà yẹn ni mo tó pe Roseline, mo ní, "Pè é. Pè é! Kiréènì ti kọṣẹ́."

Agbẹ̀mílà fi okùn fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Gbádé lókè orúnkún. Dókítà sọ ọ́ níṣojú mi nígbà tí mo lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ká ní wọ́n gbé e dé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ni, òun ì bá gba ẹsẹ̀ náà là. Kò mọ ẹni tó dúró tì í.

Ẹ rò pé mo ti dé ibi tó burú jù? Ẹ jókòó. Lọ́jọ́ ìjàǹbá náà gan-an, kí n tó kúrò lórí pèpéle, wọ́n ní àwọn olùwádìí ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìgbì, mo gbé bírò, mo kọ ọ́ báyìí: aago méje ààbọ̀, ìgbì mítà mẹ́ta ààbọ̀, mo sọ fún awakọ̀, mo sọ fún un pé kiréènì adóòlà ti kọṣẹ́, ó ní òun á gbéra bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi tí mo kọ ìgbì náà bó ṣe rí, mo fi kọ ọ́ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Roseline sọ fún wọn pé mo ní ọkọ̀ kékeré ti ń bọ́ sómi. Mo ní ariwo rédíò ni, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn. Ọmọ yẹn gbà mí gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ Kápténì Tóyọ̀sí. Wọ́n fún èmi ní àmì ẹ̀yẹ torí ohùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo padà sí Ọ̀fà, wọ́n tẹ àwòrán èmi àti Gbádé sórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àdúgbò, ó wà lára ògiri yín títí dòní. Ìtàn ìṣẹ́jú méjìlélógún yẹn gan-an ni mo sì fi ń ṣeré fún yín lọ́dọọdún ní pápá. Gbádé a jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, á rẹ́rìn-ín ju gbogbo yín lọ, á máa na ìka sí mi, á ní, "Ohùn yìí! Ohùn yìí ni ò jẹ́ kí n kú!"

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé mi lọ́sàn-án, Kápténì Tóyọ̀sí sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù. Mo rò pé ó wá bá mi jà, mo ti ń wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò wá bá yín jà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti gbà láti tún ẹjọ́ mi gbọ́ ní Èkó lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní bí n kò bá ní ẹ̀rí tuntun, kí n gbàgbé iṣẹ́ yìí láé. Mi ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe wá." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Lórí rédíò, mo gbọ́ méjì lẹ́nu yín. Ìwé yín ní mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ̀yin tí gbogbo ayé ń yìn ò ní purọ́, nítorí náà etí mi ló ṣì gbọ́. Mo sì rí funfun lójú omi, mo gbéra náà. Bọ̀ọ̀dá, mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́. Mi ò gba etí mi gbọ́. Títì lásán, mi ò lè sọdá, àfi kí ẹnì kan dì mí lọ́wọ́ mú. Ẹ kàn sọ fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá orí mi ti dàrú: kí ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?" Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta láìmu omi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí sọ. Mo ní, "Kápténì, ẹ wá sí pápá lọ́jọ́ Sátidé." Ọ̀lẹ ni mí. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí nìkan ni mo ti ń nígboyà.

Ẹ mọ ìyókù, ẹ wà níbẹ̀. Mo gorí ìtàgé. Mo ní, "Ìgbì náà kì í ṣe méjì. Mẹ́ta ààbọ̀ ni. Mo parọ́." Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kiréènì ti kọṣẹ́, mo mọ̀." Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Mo lè pe agbẹ̀mílà, mo ń dá àpárá!" Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "Ọba aláwàdà! Ó ti gbé tuntun dé!" Bí omijé ṣe ń dà lójú mi ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin lẹ ń rẹ́rìn-ín. Gbádé ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá páànù ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, gbàà, gbàà, gbàà, títí gbogbo pápá fi dákẹ́. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó?" Mo ní, "Méjìlélógún." Ó ní, "Ìwọ Lukman." Ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí lórúkọ rí. "Bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀."

Mo bọ́ sínú yanrìn. Ó ju ọ̀pá nù, ó fò wá bá mi lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbá mi lápá mú bó ṣe máa ń gbá mi mú ní yàrá rédíò. Mi ò jà. Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan gbé kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́fà, ó ṣán mi mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ìràwọ̀ lójú oòrùn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Mo na ọwọ́ mi sókè, bí ẹni tí wọ́n dá ṣe ń nà án. Gbádé wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Rárá. Lọ sí Èkó. Ohun tí o sọ fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, lọ sọ ọ́ fún àwọn tí kì í rẹ́rìn-ín. Tí o bá padà dé, màá wà níbí. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá ọwọ́ mi á tó tìrẹ." Ó yí padà, kò lè rìn láìsí ọ̀pá. Kápténì Tóyọ̀sí ló sáré gbé ọ̀pá náà fún un. Obìnrin yẹn ń sunkún, ojú rẹ̀ sì ń tàn. Ó wò mí nílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Mo rí i. Mo rí funfun yẹn lóòótọ́." Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó sọdá títì iwájú pápá, láàárín ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì, òun nìkan, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú.

Mo ti fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà, lọ́jọ́bọ̀ ni màá sì dúró níwájú wọn. Bí wọ́n bá ní kí n ṣẹ̀wọ̀n, màá ṣe é. Kápténì Tóyọ̀sí, Roseline, Kápténì Olúṣèyí tó sọ òtítọ́ fún mi ní aago mẹ́fà ààbọ̀: ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi sídìí irú iṣẹ́ yẹn, ìlà tí ẹ bá kà ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ará ilé yín ń retí. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀bùn ẹnu bíi tèmi, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ yọ kàlẹ́ńdà yẹn lára ògiri, tàbí kí ẹ gé apá tèmi kúrò, kí ẹ fi Gbádé sílẹ̀. Gbádé, ìwọ ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ní tòótọ́. Mi ò ní pè ọ́ ní àbúrò mọ́ àfi bí o bá fún mi láyè. Ìyàwó mi ti gbé aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni màá wọ̀ lọ sí Èkó, òun náà ni màá wọ̀ padà wá sí pápá. Ìjà ò tíì parí. Mo ṣì wà nílẹ̀.